Ìwé Háyà Ilé àti Ilẹ̀ ní Ìlú Oxford

Bí olórí kọ́lẹ́jì kan ní Oxford ìgbà àtijọ́ bá gba owó ọwọ́, tí ó sì fi ilẹ̀ háyà fún ọdún gbọọrọ ní owó kékeré, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni òfin ọdún 1571 ṣe fi ọdún 21, tàbí ẹ̀mí ènìyàn mẹ́ta, ṣe gbèdéke. Ti ọdún 1572 sì gba ọdún 40 láàyè fún ilé inú ìlú.

Ní ọdún 1576, a pàṣẹ pé kí a fi ọkà ṣírò ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣákọ́lẹ̀ oko: ṣílè 6 àti kọ́bọ̀ 8 dúró fún àlìkámà ìwọ̀n quarter kan. Bí ọkà bá wọ́n lẹ́yìn náà, iye quarter kò dín. Agbátẹrù a san ọkà náà, tàbí owó tí ọjà ń pè é. Báyìí ni kọ́lẹ́jì kò fi pàdánù nígbà tí agbára owó rẹ̀ sílẹ̀.

Ilé inú ìlú kò ní ààbò yìí. Owó àtijọ́ ni a ń san. Owó ìtúnwé ni kọ́lẹ́jì fi ń rí èrè, àwọn tí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n sì sábà máa ń pín in.

Ẹ jẹ́ kí a rántí pé ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lórúkọ ọmọ tí a kò tíì bí.