Ìwé Mẹ́ta, Ọkùnrin Kan
(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ ní ìpàdé ẹ̀ka, France Road, Sabon Gari, Kánò)

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ rà fún ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìwé ná.

Nínú ẹgbẹ́ kan tí mo wà rí ní Sabon Gari níbí, ìwé mẹ́ta ni a ní. Akọ̀wé ní ìwé orúkọ, akápò ní ìwé owó oṣooṣù, olùtọ́jú owó ìsìnkú sì ní tirẹ̀. Nígbà tí bàbá kan kú, ìyàwó rẹ̀ wá gba owó ìrànlọ́wọ́. Nínú ìwé kan, orúkọ ọkọ rẹ̀ ni Súlè. Nínú èkejì, Sulaimọn. Nínú ẹ̀kẹta, Bàbá Ìbejì ni wọ́n kọ, wọ́n sì ní ó jẹ gbèsè oṣù mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ó ti san án! Akápò ti kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ fún olùtọ́jú owó ìsìnkú. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni opó náà fi tẹ France Road yìí lọ, tí ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀, nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Kò sí ẹni tí ó jalè. Ọ̀nà tí a fi ń kọ nǹkan ni kò dára.

Kọ̀ǹpútà pàápàá ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀: ti owó oṣù lọ́tọ̀, ti owó ìfẹ̀yìntì lọ́tọ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá kó kúrò nílé, a ní láti yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà níbi mẹ́ta mẹ́rin. Bí a bá gbàgbé ibì kan, fáìlì méjì di ọ̀tá ara wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ohun tí à ń pè ní database: ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo iṣẹ́ ń pọn omi nínú rẹ̀, tí ó sì ní olùṣọ́ tí kì í jẹ́ kí ẹni méjì ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Ní 1970, Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní IBM ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan. Ó fi hàn pé a lè to ohun gbogbo sórí àtẹ onílà, kí a kọ ohun kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, kí nọ́ńbà sì so àtẹ kan mọ́ èkejì.

Ẹ wo Nàìjíríà wa. Kí BVN tó dé ní oṣù kejì 2014, báńkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ fún oníbàárà. Ẹnì kan lè jẹ́ èèyàn márùn-ún ní báńkì márùn-ún. BVN fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan. Ní 2016, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi BVN yẹ ìwé owó oṣù wò, orúkọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ni wọ́n yọ kúrò.

Ṣùgbọ́n ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Bí a bá kàn da ìwé mẹ́ta wa sínú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe wa ni yóò túbọ̀ máa yára. Ètò ni kí a kọ́kọ́ ṣe.

Èkínní, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà. Kí ó má ṣe jẹ́ nọ́ńbà fóònù, nítorí a máa ń pààrọ̀ fóònù. Èkejì, kí orúkọ wà ní ibì kan ṣoṣo, kí owó sì ní àtẹ tirẹ̀: ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá san, pẹ̀lú ọjọ́, iye owó, àti nọ́ńbà ẹni tí ó san án. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe la àyè mẹ́ta sílẹ̀ fún orúkọ ọmọ. Ẹni tí ó bí mẹ́rin ńkọ́? Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ẹni tí ó láṣẹ láti kọ, kí a sì máa pa ẹ̀dà mọ́ sí ibòmíràn.

Kọ̀ǹpútà kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni yóò kà fún wa. Nítorí náà, mo bẹ akọ̀wé àti akápò wa kí wọ́n jókòó pọ̀ kí a tó náwó. Kí opó ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe tún rìn ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ orúkọ ọkọ rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé; Ọlọ́run yóò mú wa délé láyọ̀.