ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ KÍLÁÀSÌ LỌ SÍ ILÉ ÌKÀWÉ

Ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ péjọ sí yàrá ìkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo òbí tí ó ta kòkó tàbí tí ó dá èsúsú kí ọmọ rẹ̀ lè wọ yunifásítì. Bí ọmọ náà bá dé àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, tí kò sì mọ bí a ti ń wá ohun tí ó nílò nínú wọn, ó dàbí ẹni tí ó wà létí odò tí ó ń fi itọ́ bọ́jú.

Ní 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀. Ní 1962 ni ó di yunifásítì tí ó dá dúró. Kenneth Dike ni ọ̀gá àgbà rẹ̀ nígbà náà, orúkọ rẹ̀ ni ilé ìkàwé ibẹ̀ sì ń jẹ́. Ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, ìlò ilé ìkàwé wà lára ẹ̀kọ́ gbogbogbòò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. A ń kọ́ wọn ní ìdáhùn nígbà tí wọn kò tí ì ní ìbéèrè. Ìgbà ara là ń búra; a kì í bú Ṣàngó ní ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ jẹ́ kí a wo kíláàsì kan tí olùkọ́ ní kí ó kọ̀wé lórí ohun tí ó fa ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá orúkọ Kírìjì nìkan lè má rí púpọ̀. Olùtọ́jú ìwé ni yóò fi hàn án pé kí ó wo abẹ́ Ìbàdàn, abẹ́ Èkìtì Parapọ̀, àti abẹ́ ìtàn Yorùbá pẹ̀lú. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ìwé Samuel Johnson, tí a parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921, nítorí pé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tún un ṣe. Yóò rí ìwé S. A. Akintoye, ọmọ Èkìtì, tí ó jáde ní 1971. Àlùfáà ní Ọ̀yọ́ ni Johnson, òun fúnra rẹ̀ sì jíṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn jagunjagun. Nígbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ̀ pé ó yẹ kí a bèèrè ẹni tí ó kọ̀wé, ìgbà tí ó kọ ọ́, àti ibi tí ó dúró sí wo ogun náà. Ibẹ̀ ni ìwádìí ti yàtọ̀ sí àdàkọ.

Àkókò tí ó tọ́ ni àárín ọjọ́ tí olùkọ́ fúnni ní iṣẹ́ àti ọjọ́ tí kíkọ bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ ìwọlé, yàrá ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá, owó ni ó ń san. Bí ó bá sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí a gba iṣẹ́, ìkánjú ti dé. Ẹlòmíràn yóò jí iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ, èyí tí ó lè ba ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùkọ́ ránṣẹ́ sí olùtọ́jú ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kí ó sọ iye akẹ́kọ̀ọ́, ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn, ọjọ́ àti wákàtí. Olùtọ́jú ìwé yóò kọ ọ́ sínú ìwé ètò rẹ̀ kí kíláàsì méjì má baà pàdé lẹ́nu ọ̀nà kan. Yóò ṣa ìwé sílẹ̀, yóò sì dán kọ̀ǹpútà wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ ju àga lọ, kí a pín wọn sí méjì. Nínú wákàtí kan, ìṣẹ́jú 20 tó fún àlàyé. Kí wọ́n fi ìyókù wá ìwé fúnra wọn. Kí olùkọ́ sì bá wọn lọ, nítorí pé bí ó bá jókòó sílé, eré ni wọn yóò fi ṣe.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ìsinmi dé, ẹ má bi í ní máàkì nìkan. Ẹ bi í ní ìwé tí ó wá, àti bí ó ti ṣe rí i. Ẹ̀yin olùkọ́ abúlé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún olùtọ́jú yàrá yìí kí ẹ tó kó àwọn ọmọ wá. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá sì bèèrè lásìkò, ilẹ̀ kì í ṣú u sójú ọ̀nà.