Gbèsè Tí Martin Luther King Lọ Sin

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tó wà káàkiri Amẹ́ríkà ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí Martin Luther King sọ ní Washington ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963. Mo gbà tayọ̀tayọ̀, nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà délẹ̀.

Ibi tó ti ń rọ́ àlá rẹ̀ ni gbogbo ayé mọ̀. Òun ni àwọn ọmọ wa ń há sórí nílé ìwé. Ṣùgbọ́n kí King tó kan àlá rárá, gbèsè ló ń sin. Ó ní nígbà tí àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ ń kọ òfin ilẹ̀ wọn, ìwé àdéhùn ni wọ́n fọwọ́ sí fún gbogbo ọmọ ilẹ̀ náà, dúdú àti funfun. Ó ní àwọn ènìyàn dúdú gbé ìwé sọ̀wédowó tiwọn dé báńkì, wọ́n dá a padà fún wọn pé kò sówó níbẹ̀. Òun kò sì gbà pé owó tán ní báńkì òdodo. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ìkéde tí Lincoln fi dá ẹrú sílẹ̀ ní 1863, iwájú ère Lincoln gan-an ni wọ́n sì dúró sí.

Ó yẹ kí Yorùbá tètè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá ṣorí kunkun, àwọn baba wa a rán ológò sí i. Ológò á jókòó tì í nílé, kò ní dìde, kò ní jẹ́ kí ilé náà rójú títí owó yóò fi jáde. Nǹkan bí 250,000 ènìyàn ló lọ dógò ti ìjọba Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ológò tiwa a máa bú ènìyàn, a sì máa mú adìẹ onílé pa jẹ. King kìlọ̀ fún àwọn tirẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ènìyàn, ìkórìíra kò sì gbọdọ̀ bá wọn rìn.

Ó ka ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ọlọ́pàá tó ń ṣe wọ́n ṣúkaṣùka, òtẹ́ẹ̀lì tí kì í gba arìnrìn-àjò dúdú sílé, ìbò tí wọn kò lè dì ní Mississippi. Iṣẹ́ àti òmìnira ni wọ́n torí ẹ̀ pe ìwọ́de ọjọ́ náà. A. Philip Randolph àti Bayard Rustin tí wọ́n ṣètò rẹ̀ ń béèrè pé owó iṣẹ́ wákàtí kan kò gbọdọ̀ dín sí dọ́là méjì. Ẹni tó mọ iye tó ń béèrè kì í ṣe alálàá lásán.

Àlá náà kò tilẹ̀ sí nínú ìwé tó mú lọ. Ó ń kàwé rẹ̀ lọ ni Mahalia Jackson, olórin ẹ̀mí tó ti kọrin ṣáájú, ké sí i pé kó rọ́ àlá náà fún wọn. King ti ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti rọ́ ọ rí ní Detroit nínú oṣù Kẹfà ọdún yẹn. Láti ibẹ̀ ló ti ń lé tí èrò ń gbè, tí gbólóhùn kan ń lọ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ rárà ìyàwó rí mọ̀ pé irú àwítúnwí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àìrí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára ni.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ọmọ Yorùbá ní ìjà àwọn dúdú Amẹ́ríkà kò kan òun. Kó tó di ọdún 1965, 100 ènìyàn péré ni òfin yọ̀ǹda pé kó wọ Amẹ́ríkà lọ́dún láti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Nígbà tí ìjà yẹn ti so èso òfin ẹ̀tọ́ ní 1964 àti òfin ìdìbò ní 1965, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin ìwọ̀lú tuntun. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà débí nìyẹn. King náà kò sì fi wá ṣe àjèjì. Ó wà ní Accra nígbà tí Ghana gba òmìnira ní 1957. Ó wà ní Èkó nínú oṣù Kọkànlá ọdún 1960 nígbà tí wọ́n ń fi Azikiwe jẹ Gómìnà-Jẹ́nẹ́rà Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ dé ilé. Oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Èkó fi katakata palẹ̀ àwọn ìsọ̀ Òṣòdì mọ́. Oṣù Kìíní ọdún 2016, ó kan ọjà Owónifáàrí níbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọlọ́jà kó lọ sí Ìsọ̀pákódowó ní Bọ́ládé. Èmi kò ní sọ pé Òṣòdì àtijọ́ dára bẹ́ẹ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ jẹ ọjọ́ ayé ènìyàn, àwọn jàgùdà sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó fi owó àjọ kọ́ ìsọ̀, tó fi tọ́mọ yege yunifásítì, kí ni ó ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí katakata dé? Ohun méjì la sábà máa ń ṣe sí ìjọba: ká dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, tàbí ká ṣépè fún un. King kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣépè. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ló fi hàn wọ́n.

Ìwé wà lọ́wọ́ àwa náà. Abala 44 nínú òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé bí ìjọba bá gba dúkìá tí kò ṣeé gbé nídìí lọ́wọ́ ẹni, kó san owó gbà-má-bínú láìpẹ́, ẹni náà sì lè gba ilé ẹjọ́ lọ. Ẹni tí kò ní rìsíìtì, tí kò mọ̀ pé abala náà wà, báwo ni yóò ṣe sin gbèsè rẹ̀?

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nìyí. Ẹ jẹ́ ká gba yàrá kan sí ìtòsí Bọ́ládé, ká san owó lọ́yà méjì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí wọ́n máa bá àwọn ọlọ́jà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tọ́jú rìsíìtì àti ìwé àdéhùn ìsọ̀ wọn, kí wọ́n sì máa ka òfin náà fún wọn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún akọ̀wé. Ẹ jẹ́ ká dìbò lé e lórí lọ́la kí a tó tú ká.