Ẹ Yí I Padà, Ẹ Wo Ẹ̀yìn Rẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, tó ń fi àtúnṣe fíríìjì ṣe iṣẹ́ òòjọ́, bá wa sọ níbi ìpàdé ọlọ́dọọdún.)

  

Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀bùn tí a fẹ́ fún ilé-ìwé wa ló ní kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé a ti ń dá owó láti ra fíríìjì kan fún yàrá ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti fírísà ńlá kan fún ilé ìdáná. Wọ́n ní kí n sọ ohun tó yẹ ká yẹ̀ wò ká tó náwó. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, n ò ní í fi àkókò yín ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé n kò bá tòkunbọ̀ jà. Tòkunbọ̀ ló ń bọ́ mi. Fíríìjì tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó, bí a bá tún un ṣe dáadáa, ó lè tún ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílé wa. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó tuntun ra àlòkù, kò sí àbùkù níbẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni kí wọ́n sọ àgbà di ọmọdé. Wọ́n á mú fíríìjì tó ti gbó, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fọ́n ọ̀dà sí i lára, wọ́n á pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á lẹ orúkọ mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mọ́ ọn níwájú, wọ́n á sì dì í sínú páálí tuntun. Wọ́n ń ṣe é fún ẹ̀rọ tí ń fa ìdọ̀tí lórí rọ́ọ̀gì náà: inú àtijọ́, ara tuntun. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, ọ̀dà dídán kọ́ sì ni fíríìjì tuntun.

Ọjà yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe àyẹ̀wò àwọn ẹrù oníná àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé. Ohun tí wọ́n rí lé ní 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún kan. Inú ikùn mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ rẹ̀ sí. Nínú èyí tí wọ́n dán wò, ó tó ìdá kan nínú márùn-ún tí kò ṣiṣẹ́. Níbo ni irú wọn ń gbà lọ? Òmíràn, wọ́n á tú u fún páàtì. Òmíràn á bọ́ sórí ààtàn. Òmíràn ló ń ti inú ọ̀dà padà wá bá wa.

Ẹ ó bi mí pé, báwo la ṣe lè dá a mọ̀? Ẹ má wo iwájú rẹ̀. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà, ohun dúdú tó rí rìbìtì bí ìkòkò. Òun ni ọkàn fíríìjì. Wọ́n máa ń kọ irú gáàsì tó ń lò sí i lára, gáàsì yẹn sì ni yóò sọ ọjọ́ orí fún yín.

Bí ẹ bá rí R12, arúgbó ni. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló lé gáàsì yẹn kúrò nílẹ̀, torí pé ó ń ba ozone tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn jẹ́. Àwọn ìlú ọlọ́rọ̀ dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1996, àwọn ìlú bíi tiwa náà ní 2010. R134a ló rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kínní ọdún 2015, òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kí wọ́n gbé fíríìjì ilé tuntun tó ń lo R134a sọ́jà lọ́hùn-ún mọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní Jámánì lòun ti kó èyí dé, pé mọ́dẹ́ẹ̀lì èṣí ni, tí ẹ wá bá R134a lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rọra máa lọ. R600a ni wọ́n ń lò níbẹ̀ báyìí, ẹ ó rí àmì iná nínú igun mẹ́ta aláwọ̀ yẹ́lò lára rẹ̀.

Àmì yẹn ní ìdí. R600a ń gbiná bíi gáàsì ìdáná. Ìwọ̀nba ló ń wà nínú fíríìjì ilé, kò sì léwu bí kò bá jò. Àmọ́ ẹni tí kò wo àmì, tó gbé iná sún mọ́ páìpù rẹ̀ láti jó o pọ̀, ó lè ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ẹni tó bá sì rọ R134a sínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí wọ́n ṣe fún R600a, iṣẹ́ á pọ̀ jù fún mọ́tò rẹ̀. Á tutù lójú oníbàárà lọ́jọ́ tó rà á. Tó bá yá, á jó.

Ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín gbé fírísà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n ní tuntun ni wọ́n tà fún àwọn, kò tíì pé oṣù méjì. Mo ha ọ̀dà ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ mìíràn yọ. Mo tún ha á, àwọ̀ kẹta yọ. Owó àjọ ni wọ́n fi ra fírísà, owó ẹ̀yáwó ni wọ́n fi ra ẹja, ẹja sì ti rà tán. Nígbà tí wọ́n padà tọ ẹni tó tà á lọ, ohun tó sọ ni pé: "Ìyá, ṣebí ó tutù nígbà tí ẹ rà á?" Kò sí rísíìtì, kò sí gáráńtì. Ó parí.

Àwa oníbàárà náà lọ́wọ́ sí i o. Fíríìjì kan náà, bí mo bá kọ "àlòkù" sí i, ẹ ó ná an títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀fẹ́. Bí mo bá dì í sí páálí, ẹ ó sanwó kíá, torí ojú aládùúgbò. Ìyẹn ló sọ ọ̀dà di iṣẹ́. Mo ti rí ọmọ iṣẹ́ tó gba fíríìdọ̀mù, tó mọ ọ̀dà í fọ́n dáadáa, tí kò mọ bí a ṣe ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú páìpù ká tó rọ gáàsì.

Òfin ò sùn. Òfin ọdún 2018 tó wà níkàáwọ́ àjọ FCCPC sọ pé ẹni tó bá ń ta àlòkù tàbí ọjà tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba sí ẹni tó fẹ́ rà á.

Ó ku tiwa. Iye tó kéré jù nínú èyí tó dé ọwọ́ ìgbìmọ̀, ẹni tó mú un wá ní tuntun ni. Mo lọ wò ó. Kò gbà kí n yí i padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó tó kù lọ́wọ́ wa kò pọ̀. Inú yàrá ìtọ́jú ni fíríìjì yìí ń lọ. Bí ọmọ kan bá ní àtọ̀gbẹ, insulin rẹ̀ tí kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí fíríìjì bá kú lóru, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ títí ọmọ yẹn á fi gún abẹ́rẹ́ tí kò lágbára mọ́.

Bí owó wa kò bá ká tuntun, ẹ jẹ́ ká ra àlòkù tó ń jẹ́ àlòkù, ní iye àlòkù. Kí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn bá orúkọ tó wà níwájú mu. Ká tàn án fún odidi ọjọ́ kan pẹ̀lú tẹmómítà nínú rẹ̀ ká tó sanwó tán. Kí gbogbo rẹ̀ wà nínú rísíìtì, gáráńtì náà kó wà níbẹ̀. Èmi yóò yẹ̀ ẹ́ wò láìgba kọ́bọ̀, màá sì máa wá wò ó ní sáà kọ̀ọ̀kan.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta irú ọjà yìí wà láàárín wa níbí. Ẹ má bínú sí mi. Ẹni tó ń ta àlòkù, tó sì pè é ní àlòkù, ọ̀rẹ́ mi ni, òun ni kí a lọ rà á lọ́wọ́ rẹ̀.