Àlejò ní Pápá Onílé

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Kristi, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń gbé ní Kano, ní Kaduna, ní Jos, ní Enugu àti ní ibi gbogbo tí ohùn wa dé, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Bí ẹnìkan bá ń béèrè pé kí ni ó kan àlùfáà nínú bọ́ọ̀lù, kí olúwarẹ̀ fi sùúrù gbọ́ mi; ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tí ń gbé ní ìlú tí kì í ṣe ìlú bàbá rẹ̀.

Ẹ mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn bá ń bọ̀ wá bá Kano Pillars figagbága. Ìròyìn á ti tàn ní Sábọ́n Gàrí láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àwọn kan á ti wọ bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn, wọn á gba Ìlọrin, wọn á sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, wọn á sì máa bọ̀ títí wọn ó fi dé Kano pẹ̀lú ìlù àti fèrè wọn. Àwọn ará wa tí ń gbé ní Kano á lọ dara pọ̀ mọ́ wọn ní pápá Sani Abacha ní Kofar Mata. Àwọn onílé á sì máa fi orúkọ ìnagijẹ ẹgbẹ́ wọn kígbe: "Sai Masu Gida", ìyẹn ni pé, àfi àwọn onílé.

Orúkọ yẹn ti sọ ọ̀rọ̀ tán. Onílé wà, àlejò sì wà. Ibì kan ni a máa ń yà sọ́tọ̀ fún àlejò nínú pápá, kí àwọn ọlọ́pàá lè dúró láàárín wọn àti onílé. Nínú líìgì ilẹ̀ wa, ó ṣòro púpọ̀ kí àlejò tó borí onílé. Ẹgbẹ́ tí ó bá borí a gba àmì 3, èyí tí ó bá ta ọ̀mì a gba 1. Nítorí náà, ọ̀mì lásán lè mú àlejò jó bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, kí ó sì dun onílé bí ẹni tí a jà lólè. Bí góòlù àlejò bá wá wọlé nígbà tí eré kù díẹ̀ kí ó parí, tí onílé sì rò pé rẹfirí ṣe ojúsàájú, ibẹ̀ ni òkò ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn aláṣẹ líìgì a máa bu owó ìtanràn lé ẹgbẹ́ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bá dá rúgúdù sílẹ̀, wọn a sì máa mú un gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tí kò sí òǹwòran, tàbí ní ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn kì í wo ojú tí òkò fọ́ sàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni pé oríṣi àlejò méjì ni ó jókòó pọ̀ ní apá ibẹ̀. Ọ̀kan bá bọ́ọ̀sì wá. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ. Èkejì ti lo 20 ọdún ní Kano. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yóò ṣí ìsọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó jókòó ní òdìkejì pápá lánàá ni yóò sì wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀; irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó gbà á sílé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá sọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀, ó gbé e sílẹ̀ lọ ni. Ẹni kejì ni yóò jókòó ti ọ̀rọ̀ náà.

Nítorí èyí, mo fẹ́ kí a ṣọ́ ohun mẹ́ta.

Èkíní ni ẹnu wa. Kò sí ẹni tí ó ní kí a má kígbe fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ lu ìlù, ẹ kọrin, ẹ jó. Ṣùgbọ́n bí rẹfirí bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe bọ́ọ̀lù ni. Kò kan ìyá ẹnikẹ́ni, kò kan ẹ̀yà ẹnikẹ́ni, kò sì kan ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì rò pé èdè wa bo èébú wa mọ́lẹ̀. Àwọn Hausa tí ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké kò kéré. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èkejì ni ẹsẹ̀ wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2012, ní Port Said ní ilẹ̀ Íjíbítì, ẹgbẹ́ Al-Masry, tí ó jẹ́ onílé, fi góòlù 3 sí 1 na Al-Ahly ti Cairo. Onílé ni ó borí o! Síbẹ̀, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ya wọ inú pápá, wọ́n kọlu àwọn àlejò, àwọn tí ó kú sì lé ní 70. Àwọn mìíràn nínú wọn kú nínú ìfúnpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà àbájáde. Nítorí náà, kí àlejò mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò gbà jáde kí ó tó jókòó. Kí ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kí ó dúró títí àwọn ọlọ́pàá yóò fi ní ọ̀nà là. Kí ó bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú àpò kí ó tó wọ ìgboro. Ayọ̀ kì í bàjẹ́ bí a bá gbé e délé kí a tó yọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni àwọn ọmọ wa. Ọmọ tí a bí sí Kano, tí ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní àdúgbò pẹ̀lú àwọn ọmọ Kano, lè fẹ́ràn Pillars. Bàbá rẹ̀ a bínú, a ní ọmọ náà ti sọ ilé nù. Kò sọ ọ́ nù. Ibi tí bàbá ti jẹ́ àlejò ni ọmọ ti di onílé. Kí bàbá jókòó pẹ̀lú àwọn ará Ìbàdàn, kí ọmọ bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó, kí àwọn méjèèjì sì pàdé nídìí oúnjẹ alẹ́. Ilé tí ó bá lè gba irú èyí láìsí ìjà ti kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò fi bá ẹ̀yà mìíràn gbé.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Ní 1976, IICC Shooting Stars di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ní 1977, nígbà tí ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún 7 péré, òun àti Rangers ti Enugu pàdé nínú ìdíje kan náà, ní ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá. Ní Kaduna ni wọ́n ti gbá ìfigagbága kejì. Ọmọ Ìbàdàn jẹ́ àlejò níbẹ̀, ọmọ Enugu náà jẹ́ àlejò. Góòlù kò wọlé. Pẹnáritì ni Rangers fi borí, wọ́n sì gba ife náà lọ. Ọdún 3 lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹta 1980, Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Èkó láti gba Ife Ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal ti Ìbàdàn ni ó gbá góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Christian Chukwu ti Rangers ni balógun ẹgbẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tí ó ta ko ara wọn ní Kaduna ni ó pèsè àwọn tí ó jọ gbé ife sókè.

Kí n tó dákẹ́, iṣẹ́ kan kù tí mo fẹ́ rán yín. Nígbà tí Kano Pillars tàbí Rangers bá ń lọ sí Adámásìngbà, ẹ tẹ àwọn ará ilé láago. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fún àlejò ní omi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà. Ọlọ́run rán Ísírẹ́lì létí pé àlejò ni àwọn náà jẹ́ rí ní Íjíbítì. Àwa kò tilẹ̀ ní láti rántí. Àlejò ni wá títí di òní. Òkò tí wọ́n bá sọ ní Ìbàdàn, orí wa níbí ni ó ń bà.

Kí Olúwa pa àlọ àti àbọ̀ yín mọ́. Ó dìgbà kan ná.