Síónì inú orin wa àti Síónì inú ìròyìn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Tchaourou

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ omi ló mú ọ̀pọ̀ yín jáde lónìí. A ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé méjì ló wà lórí tábìlì akọ̀wé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ló kọ méjèèjì, Kristẹni sì ni gbogbo wọn. Ìwé àkọ́kọ́ ní kí ẹgbẹ́ kéde pé a wà lẹ́yìn Ísírẹ́lì, nítorí pé Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì ní kí ẹgbẹ́ bá Ísírẹ́lì wí gidigidi nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Gásà, nítorí pé Bíbélì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa kò kọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń wò wá ni.

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa tí a ń ṣe ìwé ìròyìn yìí la ọ̀rọ̀ náà yé ẹgbẹ́ kó tó di pé a dìbò. A kì í ṣe pásítọ̀ o. Ìjọ àwa náà kò tilẹ̀ dọ́gba: Kátólíìkì wà nínú wa, Mẹ́tọ́díìsì wà, Assemblées de Dieu wà, aláṣọ funfun náà wà.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí orúkọ náà, Síónì. Kò sí ìyá ìjọ kan láti Alafiarou dé Kika tí kò mọ orin tí Síónì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ́ níbi ìsìnkú, ọ̀run ni wọ́n ń sọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ níbi ìkórè, ìjọ tí wọ́n dúró nínú rẹ̀ ni. Àwọn Aládùúrà fi sọ orúkọ ìjọ, wọ́n fi sọ orúkọ òkè àdúrà. Kò sẹ́ni tó rò pé orílẹ̀-èdè tó ní ọmọ ogun àti ilé aṣòfin lòun ń kọrin sí. Ìtumọ̀ Bíbélì nìyẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Àwọn ìyá tí kò wọ ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ rí ló ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ìjọ àtijọ́ sì kà á bẹ́ẹ̀ náà.

Síónì inú ìròyìn ńkọ́? Ní 1897, Theodor Herzl pe àwọn Júù jọ sí ìlú Basel ní Switzerland, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tí yóò wá ilẹ̀ fún àwọn Júù ní Palẹ́sìnì. Ìyà ló tì wọ́n débẹ̀. Wọ́n ń pa wọ́n ní Rọ́ṣíà, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín káàkiri Yúróòpù, nígbà tó sì yá, Hitler àtàwọn èèyàn rẹ̀ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 nínú wọn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ yìí tó fo ìyẹn, kò sọ òótọ́ tán. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1948, wọ́n kéde orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Nínú ogun ìgbà náà, àwọn ará Palẹ́sìnì bíi 700,000 ló sá kúrò nílé tàbí tí wọ́n lé jáde, tí wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Ẹni tó bá fo èyí náà, kò tíì sọ òótọ́ tán.

Kí Herzl tó dìde rárá ni àwọn Kristẹni kan ti ń wàásù pé àwọn Júù gbọ́dọ̀ padà sílẹ̀ náà kí Jésù tó dé. John Nelson Darby, tó kú ní 1882, kọ́ni pé Ísírẹ́lì àti Ìjọ jẹ́ èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àti pé ìlérí ilẹ̀ ṣì ń dúró de Júù. Ní 1909, ará Amẹ́ríkà kan, C. I. Scofield, mú Bíbélì jáde tó ní irú àlàyé yìí lábẹ́ ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́, lójú ewé kan náà. Kò pẹ́ tí òǹkàwé fi ń gbàgbé ibi tí ọ̀rọ̀ wòlíì parí sí àti ibi tí ti Scofield ti bẹ̀rẹ̀. Bíbélì Yorùbá tí Ajayi Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ti jáde lódindi ní 1884, ọdún 25 ṣáájú. Àwọn bàbá wa kò bá Scofield pàdé nínú rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Àlùfáà Áńgílíkà tó mú Herzl mọ ọba Baden ní Jámánì ní 1896, William Hechler lorúkọ rẹ̀. Ó ti ṣírò láti inú Bíbélì pé 1897 tàbí 1898 ni nǹkan yóò bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Èkó ní àwọn ọdún 1870! Ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó jìnnà sí wa ti gba ẹ̀bá ilé wa kọjá.

Ó wá kan ẹsẹ̀ Bíbélì fúnra rẹ̀. Jẹ́nẹ́sísì 12 ẹsẹ 3 ni ìwé àkọ́kọ́ gùn lé. Ábúrámù ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kò tíì bí ọmọ kan ṣoṣo, ká má tíì sọ pé ó ní ìjọba. Ìparí ẹsẹ̀ náà, tí wọn kì í sábà kà dé, kan gbogbo ìdílé ayé, Nàgó, Bàrìbá àti Fúlàní pẹ̀lú. Àwọn tó kọ ìwé kejì mú Gálátíà 3 wá, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ irú-ọmọ Ábúráhámù di Kristi, tó sì ka ẹni tó bá jẹ́ ti Kristi mọ́ àwọn ajogún. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí o. Pọ́ọ̀lù kan náà ló kọ Róòmù 11. Kò gbà níbẹ̀ pé Ọlọ́run ti kọ àwọn Júù sílẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún àwa ẹ̀ka tí wọ́n lọ́ mọ́ igi pé ká má ṣe gbéra ga sí gbòǹgbò. Pásítọ̀ tó bá ka èyí fún wa kò purọ́.

Ibi tí ìjà wà gan-an nìyí: ìfẹ́ tí Ọlọ́run ní sí àwọn Júù, ṣé ìwé ilẹ̀ ni? Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ mọ ohun tí à ń pè ní ìwé ilẹ̀, ẹ sì mọ wàhálà tó ń fà. Léfítíkù 25 sọ fún Ísírẹ́lì gan-an pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, àlejò ni wọ́n lórí rẹ̀. Ẹ tún wo ọgbà Nábótì nínú Àwọn Ọba Kìíní 21. Áhábù ọba Ísírẹ́lì fẹ́ ilẹ̀ ẹlòmíì, wọ́n pa onílẹ̀, ó gba ilẹ̀. Èlíjà dìde sí i. Bí ìtumọ̀ kí á súre fún Ísírẹ́lì bá jẹ́ pé kí á máa kan sáárá sí gbogbo ohun tí olórí rẹ̀ bá ṣe, a jẹ́ pé Èlíjà ti wọnú ègún nìyẹn. Lójú tiwa, kò ṣe é ṣe. Ẹni tó bá gbà pé ìlérí ṣì wà, kó gbà á. Ṣùgbọ́n kó má fi ìlérí bo ohun tí àwọn wòlíì kò bò.

Àwọn Kristẹni wà ní Palẹ́sìnì o. Ó ya àwọn kan lẹ́nu nígbà tí a sọ ọ́ nípàdé tó kọjá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, olórí ìjọ mẹ́rin ní Jerúsálẹ́mù, ti Kátólíìkì, ti Síríà Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ti Áńgílíkà àti ti Lútérì, fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹ̀kọ́ Síónì ti àwọn Kristẹni yìí ń ba ìhìn rere jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ti Ísírẹ́lì lẹ́yìn fèsì, lára wọn International Christian Embassy, tó wà ní Jerúsálẹ́mù láti 1980. Nínú ìlú kan náà, àwọn tó ń jẹ ara Olúwa kò gbà fún ara wọn. Kí ló wá dé tí tiwa fi máa jẹ́ ìtìjú?

Ìjọba náà kò dúró sójú kan. Ní 1973, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Dahomey, ìjọba Kérékou já àjọṣe pẹ̀lú Ísírẹ́lì, wọ́n sì tún un so lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2017, nígbà tí ONU dìbò lórí ọ̀rọ̀ Jerúsálẹ́mù, orílẹ̀-èdè 128 tako ohun tí Amẹ́ríkà ṣe, 9 ló gbè é, 35 kò gbè síbì kan. Tógò wà nínú 9 yẹn. Benin wà nínú 35.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Níbí, ẹ̀sìn kò pín agbo ilé. Ààrẹ wa tẹ́lẹ̀, Thomas Boni Yayi, ọmọ Tchaourou, inú ìdílé Mùsùlùmí ló ti wá kó tó di Kristẹni, ta ló yà lẹ́nu? Bí a bá ta àsíá Ísírẹ́lì síwájú ilé ẹgbẹ́, ẹ̀gbọ́n wa tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ ló máa kọ́kọ́ rí i. Ó ti rí àwọn ọmọdé tó kú ní Gásà lórí fóònù rẹ̀. Ìwé kejì náà ní àbùkù tirẹ̀. Kò dárúkọ àwọn bíi 1,200 tí Hamas àtàwọn tó tẹ̀ lé wọn pa ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, bẹ́ẹ̀ ìyá ló bí àwọn náà. Ìlà kan sì wà níbẹ̀ tó pe gbogbo Júù ní apa-Jésù. A kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìjọ Kátólíìkì ti kọ ẹ̀sùn yẹn sílẹ̀ láti 1965. Àbí Màríà, ọmọ ìlú ibo ni?

Ohun tí a fi síwájú yín nìyí. Kí ẹgbẹ́ má fọwọ́ sí ìwé kankan nínú méjèèjì. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa wàásù bó ṣe gbà á, kó má gbé àsíá wá síbi ìpàdé ẹgbẹ́, ti Ísírẹ́lì tàbí ti Palẹ́sìnì. Òṣèlú tó bá fẹ́ fi orúkọ Jerúsálẹ́mù tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, kí a bi í léèrè ọ̀nà àti omi.

Pásítọ̀ tí kò bá fara mọ́ ohun tí a sọ lórí Jẹ́nẹ́sísì, àyè rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, ojú ewé méjì, bí a ṣe fún ara wa. Kó fún akọ̀wé ní tirẹ̀ kí oṣù yìí tó tán. Ó yá, ẹ jẹ́ ká dìbò, lẹ́yìn náà ká bọ́ sórí ọ̀rọ̀ omi.