Owó Wúrà àti Owó Fàdákà Kò Yẹ ní Ohun Tí À Ń Gba Owó-Orí Lé Lórí

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a mú wá, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé tí wọ́n sì ń pa owó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ta kòkó gbowó rí yóò tètè mọ ibi tí à ń lọ.

Bí ènìyàn bá ní owó wúrà, tí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ sí owó bébà, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ìjọba gba owó-orí lórí èrè tí wọ́n ní ó jẹ?

Láti 1986 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń rọ owó wúrà kan tí wúrà inú rẹ̀ jẹ́ áúnsì kan. 50 dọ́là ni wọ́n kọ sí i lára. Síbẹ̀, bí ẹni tí ó ní in bá tà á lẹ́yìn tí ó ti pa á mọ́ ju ọdún kan lọ, ìjọba àpapọ̀ á kà á mọ́ àwọn àwòrán olówó iyebíye, owó-orí èrè rẹ̀ sì lè tó 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ni nígbà tí wọ́n ń rọ ọ́. Ọjà ni nígbà tí agbowó-orí dé!

Èrè wo tilẹ̀ ni? Ní 1933, ìjọba Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ kí àwọn ará ìlú kó wúrà wọn wá, ó sì san 20.67 dọ́là lórí áúnsì kan. Ní 1934, wọ́n sọ áúnsì kan náà di 35 dọ́là. Wúrà kò sanra; bébà ni ó rù. Àwọn tí wọ́n gbọ́ràn sí ìjọba lẹ́nu ni wọ́n sì pàdánù.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa. Ṣílè fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti 1913, idẹ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ ọ́ ní 1920, nígbà tí fàdákà ti gbówó lórí. Ṣílè ni wọ́n ṣì ń pè é. Àgbà tí ó bá ti ri ti fàdákà mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò kò ṣe òmùgọ̀ rárá. Bí ó bá wá wú u jáde, tí alágbẹ̀dẹ sì fún un ní ṣílè idẹ púpọ̀ dípò rẹ̀, ṣé ó ti di ọlọ́rọ̀ tí a ó gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Utah ti rí èyí. Ní 2011 ó ṣòfin pé owó wúrà àti owó fàdákà tí ìjọba àpapọ̀ rọ jẹ́ owó ní tòótọ́, ó sì mú owó-orí tirẹ̀ kúrò lórí èrè wọn. Arizona ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ti ìjọba àpapọ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn alátakò ní olówó ni ó ń ra wúrà, àti pé owó ilé-ìwé àti ti ọ̀nà ni yóò dín kù. A kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Lóòótọ́, wúrà a máa fò ju ọjà yòókù lọ nígbà mìíràn: ní oṣù kìíní 1980 ó dé 850 dọ́là kí ó tó já wálẹ̀, ẹni tí ó sì tà á lọ́jọ́ náà jèrè gidi. Nítorí náà, bí ìjọba àpapọ̀ kò bá fẹ́ mú owó-orí náà kúrò pátápátá, kí ó kọ́kọ́ ṣírò iye tí dọ́là fi rù láti ọjọ́ tí ènìyàn ti ra wúrà rẹ̀, kí ó yọ ọ́ sẹ́yìn, kí ó tó na ọwọ́ sí ìyókù.